Wáyà Tí Ọláyíwọlá Pè Ní Òkú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìlà kankan nínú ìtàn yìí. Ẹ kà á parí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ọláyíwọlá, ọmọ agboolé kan ní Bẹyẹrúnkà, ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ, n'Íbàdàn. Ó níwèé àṣẹ láti máa fi rédíò bá àwọn èèyàn káàkiri ayé sọ̀rọ̀. Kì í ṣe rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn o. Tirẹ̀ yìí, ẹ ó sọ̀rọ̀ sí i, ẹni tó wà lókè òkun á sì dá yín lóhùn, láìsí fóònù, láìsí dátà. Gbogbo Sátidé ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà nítòsí Mápó. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé, "Ẹ jẹ́ kí wáyà yín jìnnà sí wáyà iná. Ì báà níná, ì báà má níná."

Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde, òun àti Eunice ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Mofẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run, lọ sí abà bàbá rẹ̀. Wọ́n pàgọ́ sí ẹ̀bá oko kòkó. Bàbá Misbaudeen, olórí abà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Yàrá mẹ́fà ń bẹ nílé bàbá yín, ẹ wá ń sùn nínú aṣọ! Ṣé ilé ọ̀hún ń jò ni?"

"Bàbá, ìgbádùn ni."

Ìgbádùn ni lóòótọ́. Mofẹ́olúwa, ọmọ ọdún méjìlá, bá bàbá rẹ̀ gbé bátìrì mọ́tò kalẹ̀, ó bá a tú wáyà. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tó ti ń kọ́ bó ṣe máa kí àwọn ará òkè òkun. Bàbá rẹ̀ náà ti lérí ní ṣọ́ọ̀bù pé láti abà yẹn lòun á ti bá Bùràsílì sọ̀rọ̀.

Àmọ́ wáyà rédíò ní láti ga, àwọn igi kòkó ò sì ga. Òpó iná tó wà lẹ́yìn àgọ́ ló ga jù níbẹ̀, ọdún mẹ́rin sì nìyẹn tí iná ò ti dé abà náà. Ni Ọláyíwọlá bá so òkúta mọ́ wáyà rẹ̀, ó jù ú sókè, ó fi kọ́ orí wáyà iná.

Bàbá Misbaudeen ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Láyí, sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn oníná wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún nǹkan ṣe. Wọ́n ní ìgbàkígbà làwọn lè mú iná wá."

"Àwọn oníná kẹ̀? Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Bàbá! Òkú ni wáyà yìí."

"Bàbá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tàgbà," ni Eunice wí. "Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Ta ni tíṣà nínú iṣẹ́ yìí, èmi àbí ìwọ?"

Ìgbéraga nìyẹn. Ẹ má wá orúkọ míì fún un.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ohùn ọkùnrin kan jáde nínú rédíò, láti Bùràsílì! Ọláyíwọlá fò sókè. Ó fi máìkì onírin rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́.

"Ó yá, kí i!"

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o," ni Mofẹ́olúwa wí. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Orúkọ mi ni Mofẹ́..."

Àfi bí ariwo ṣe sọ láàárín abà: "Iná ti dé o! Wọ́n ti mú iná dé!" Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọdé ń fò sókè.

Rédíò bú gbàù. Ọmọ náà gan, ó ṣubú, máìkì ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́ rọ́ lù ú, Bàbá Misbaudeen tì í dànù, ó fi igi gbígbẹ gbá wáyà náà kúrò.

"Mofẹ́! Mofẹ́olúwa! Dá mi lóhùn!" Eunice ń ké, nínú abà wọ́n ṣì ń yọ̀. Wọn ò tíì mọ̀.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù n'Íbàdàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọmọ yìí ti lọ kí ẹ tó gbé e dé."

Hà! Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ní aago mẹ́rin!

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ọláyíwọlá padà lọ tú àgọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò sí gílóòbù kan tó ń tàn ní gbogbo abà.

"Bàbá, ṣé wọ́n tún ti mú iná lọ ni?"

Bàbá Misbaudeen ò lè wò ó lójú. "Iná wà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà. Kò sẹ́ni tó lọ́kàn àtitàn án nínú wa ni."

Ọláyíwọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ yín bí ẹní mowó, mo bẹ̀ yín: bí iná ò bá tilẹ̀ wá fún ogún ọdún, ẹ ṣe bí ẹni pé ó wà nínú wáyà náà ní ìṣẹ́jú yìí. Ẹ má sá aṣọ sí i, ẹ má so ohunkóhun mọ́ ọn. Bí àgbàlagbà bá sì ní kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó jiyàn. Ọláyíwọlá ló borí nínú iyàn ọjọ́ yẹn. Òun àti Eunice nìkan ló kù nílé báyìí.