Ọkùnrin Tó Ti Ara Rẹ̀ Mọ́lé Pẹ̀lú Katakata

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí kì í gba ìrànlọ́wọ́. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin gan-an wà lára wọn, ẹ má bínú sí mi.

1.
Àgbẹ̀ kan wà tí àwọn ará àdúgbò sọ ní Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún un tí kò ní fi gbólóhùn yẹn dáhùn. Bàbá rẹ̀ fi katakata kan sílẹ̀ fún un, tó dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, àga rẹ̀ ti di irin lásán, bíréèkì rẹ̀ kò sì mú mọ́. Nítorí náà, bó bá ti ṣiṣẹ́ tán, ṣe ló máa ń fi í sí jíà kó má baà yí lọ. Bó bá fẹ́ sítáàtì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á gun orí àga, á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, á yí kọ́kọ́rọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí katakata fò lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára débi pé kì í rántí mọ́ pé jíà wà nínú rẹ̀.

2.
Lọ́dún kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo àwọn àgbẹ̀ tó máa ń bá túlẹ̀ pé jọ. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́! Katakata dákẹ́. Ó tún yí i. Kẹ́! Ẹnìkan ní, "Ó jọ pé arúgbó yìí ò tíì jí o!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn ún wọ egungun.

Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, wá bá a nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn? Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní katakata bàbá mi?"

"Bàbá wa ni, ẹ̀gbọ́n."

"Máa lọ sílé rẹ, jàre!"

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ pààrọ̀ bátìrì. Kẹ́! Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Kẹ́! Ó tú ibi tí epo ń gbà kọjá, ó fọ̀ ọ́ tónítóní. Pàbó. Ibi tó ń yún katakata kọ́ ló ń họ.

3.
Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó wọ inú ilé páànù tí katakata wà, ó fi irin há ilẹ̀kùn láti inú, kí ẹnikẹ́ni má baà wá fi í rẹ́rìn-ín. Ó mú sípánà gígùn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn, níbi tí mọ́tọ̀ kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnì wà. Ó fẹ́ fi sípánà kan orí irin méjì pọ̀, kí iná lè gba ibẹ̀ kọjá láìlo kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni.

Ó jẹ́ o! Ẹ́ńjìnì bú gbàmù. Àmọ́ ta ló wà lórí àga? Ta ló tẹ kílọ́ọ̀ṣì? Kò sí ẹnìkankan. Katakata wà ní jíà, ó sì fò síwájú, ó kọlu ògiri, ẹ́ńjìnì kú. Táyà ẹ̀yìn ti gun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì dúró lórí rẹ̀.

4.
Ó fa ẹsẹ̀, kò yọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti táyà, kò mì. Ó ń wo irin tó fi há ilẹ̀kùn. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè tó o.

Ìyàwó rẹ̀ kanlẹ̀kùn.

"Ọkọ mi, kí ló dún gbì bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ló yẹ kó ti kígbe! Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí obìnrin yìí bá mọ̀, á pe àbúrò òun, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Ó fara da ìrora náà, ó dáhùn pé:

"Kò sí nǹkan. Irin ló já bọ́."

"Ohùn yín ò dáa létí mi. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Mo ní kò sí nǹkan! Ṣé o ò níṣẹ́ tí wàá ṣe ni?"

Ó gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sọ́jà. Ó wá ń fi sípánà gbẹ́ abẹ́ táyà, kí ẹsẹ̀ lè ráyè yọ. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ibẹ̀. Gbogbo ohun tó rí gbẹ́ kò kún ṣíbí kan. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ tó ń ro ó kò ro ó mọ́ rárá, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, "Ẹ gbà mí o!" Kò sí ẹni tó wà nítòsí. Páànù orí ilé gbóná, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ há.

5.
Ìyàwó ti ọjà dé lọ́sàn-án, ó kanlẹ̀kùn títí, kò gbọ́ ohùn. Ló bá sáré lọ pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Ìyẹn já ilẹ̀kùn, ó fi jáàkì gbé táyà sókè, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sùn o! Ẹ dá mi lóhùn!"

Ní ọsibítù, dókítà mi orí. "Ká ní ẹ tètè gbé e wá láàárọ̀ ni, ǹ bá gbìyànjú. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ yìí fún wákàtí mẹ́fà." Wọ́n gé e lórúnkún.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àbúrò yẹ katakata náà wò. Wáyà kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ni eku ti jẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi tún un ṣe.

Ìyàwó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Pákó lásán ló wà láàárín wa. Ká ní ẹ sọ pé 'gbà mí' ni, ẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wálé. Ṣé ojú èmi náà ń tì yín ni?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ, mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe dúró nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kí ẹ máa fi sípánà jí ẹ́ńjìnì. Ẹ yọ ọ́ kúrò ní jíà, ẹ gun orí àga. Ẹ má dá ti ara yín mọ́lé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣe agídí. Bí ewu bá sì dé, ẹ ké gbàjarè ní kíákíá, kódà bí ẹni tó máa gbọ́ bá máa rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.