Ta Ló Yí Orúkọ Ẹ̀rọ Alhaji Padà?

Nafeesah ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Òun ló ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì ilé-iṣẹ́ Alhaji Mísbáù ní Ìsọlọ̀. Orúkọ ẹbí ni Alhaji fún gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀. Ráútà ń jẹ́ Ìsíátù, kámẹ́rà ẹnu géètì ń jẹ́ Fàthíà.

Nafeesah pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ráútà di Ìbàdíàrán. Kámẹ́rà di Ẹyinjú-Ẹgẹ́.

Ògúndélé, ọ̀gá rẹ̀, figbe ta. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa níṣẹ́ ni? Orúkọ àbúrò Alhaji lo pa rẹ́ yẹn o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi ò gbọdọ̀ pè é mọ́."

"Àná ńkọ́, tó o pè é nígbà ogún?"

"Àná lọ, sà."

Alhaji wọlé, Àǹtí Ìsíátù àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e. Alhaji wo kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kan orúkọ ilé mi?"

Nafeesah kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àǹtí Ìsíátù ka orúkọ náà, ó tún un kà. Ló bá pàtẹ́wọ́.

"Ìbàdíàrán! Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, àfi kó fún wọn ní tuntun?"

Alhaji yanu. "Ìyàwó ilé ni..."

Lẹ́nu ọ̀nà, Ashraf ọmọ Alhaji fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá àtẹ́rígbà.

Ìrọ̀lẹ́ àná ló bi Nafeesah bóyá yóò fẹ́ òun.

Nafeesah ní kó dúró de èsì dìgbà tí òun bá débi iṣẹ́.