Ìkànnì Aránṣọ

“Ẹ bá mi pa ìkànnì yẹn rẹ́ tí ẹ bá délé. Kò kúkú sẹ́ni tó ń kà á.”

Ohun tí aya ọkùnrin atẹ̀wé kan sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sọ ọ́, wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó ń rán èèyàn létí pé kó ti fèrèsé. Ọkùnrin atẹ̀wé náà ní òun ti gbọ́. Kó tó bu omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, aya rẹ̀ ti dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, kò tíì pa á rẹ́. Àràárọ̀ ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá ìránṣọ, láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti agolo bọ́tìnì, tó ń tún ìkànnì náà ṣe. Òun ló kọ́ ọ fún un lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìtẹ̀wé. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ó máa ń kọ bí wọ́n ṣe ń yí kọ́là tó ti gbó padà, àti bí wọ́n ṣe ń lẹ orúnkún ṣòkòtò ọmọdé tí àbùlẹ̀ ò fi ní hàn. Òun á kọ ọ́ sínú ìwé, ọkọ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, á gbé e síta. Obìnrin náà ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ojú ìwé náà, kò sì wá a rí.

“Ẹ̀yin lẹ mọ ìdí ẹ̀,” ló máa ń wí. “Èmi àti abẹ́rẹ́ mi la mọra.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ọkùnrin náà ti bọ́ aṣọ ìkànnì ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti wọ òmíràn fún un. Ó sọ lẹ́tà di ńlá. Ó gbé àwòrán ọwọ́ aya rẹ̀ lọ sókè pátápátá, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè.

Láàárọ̀ Sátidé, ọmọbìnrin wọn dé pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Òun náà ló ń bójú tó ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀.

“Dádì, ẹ tún ti pa àwọ̀ ẹ̀ dà? Ewéko kọ́ ni lọ́sẹ̀ tó kọjá?”

“Ewéko yẹn ń gún mi lójú.”

“Bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ aṣọ fún un yìí, Màmá gan-an ò rí tó yẹn pààrọ̀.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé òpin.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọdún mẹ́rin gbáko, ṣé lóòótọ́ lẹ́nikẹ́ni ò fèsì sí Màmá rí?”

“Ọwọ́ àwọn èèyàn dí.”

“Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí. Á ní, ‘Ọmọ mi, mo tún ti dá nìkan sọ̀rọ̀ tán lọ́sẹ̀ yìí o.’ Á wá máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, Dádì, kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ dìde fún mi jàre.”

Bàbá ò tètè dìde. Ó ní omi wà lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ jókòó. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Dádì. Irínwó ó lé mọ́kànlá.”

“Kí ló jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ìdáhùn. Gbogbo wọn ló ń dúró de àṣẹ kí wọ́n tó lè hàn lójú ìkànnì. Wọn ò jẹ́ kí ọ̀kankan wọlé. Ẹ wá wò ó.”

Bàbá sún mọ́ ọn. Gíláàsì ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì ní pálọ̀, kò lọ mú un.

Ọmọ ń kà á sókè. Ọkùnrin kan yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ tó kú padà, òun ló wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ara rẹ̀.

“Obìnrin kan tún nìyí, oṣooṣù ló ń kọ̀wé...”

“Agbẹ̀bí yẹn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, agbẹ̀bí ni. Ó ní, ‘Màmá, ṣé ara yín le? Kí ló dé tí ẹ kì í dá wa lóhùn?’”

Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Nígbà tó nu ojú tán, ó rí bí bàbá rẹ̀ ṣe di ẹ̀yìn àga mú, ó dìde, ó gbá a mọ́ra.

“Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa rí. Ẹ̀rọ náà máa ń dá a ṣe fúnra ẹ̀ nígbà míì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́.”

“Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ló kọ́ ọ fún un, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn.”

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ ti padà lọ.

Bàbá ò tíì gé búrẹ́dì náà. Kò tíì dá aṣọ àwọn oníbàárà padà. Kò tíì pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí. Kò tíì jẹ́ kí ìdáhùn kan ṣoṣo wọlé, kò sì tíì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìka òun gan-an ló ti gbogbo wọn mọ́ta, lọ́sẹ̀ tí ìdáhùn àkọ́kọ́ dé, nígbà tó rí i pé àlejò kan ti fi ìlà méjì sọ fún aya òun ọ̀rọ̀ ìyìn tí òun ò sọ fún un rí láti ọgbọ̀n ọdún.