Ogun Ilé Míṣọ́n ní Bẹẹrẹ

Ohun tí Tóbilọ́ba ṣe lọ́jọ́ ìkórè kò dára: ó gbé Bàbá Dáramọ́lá, àgbàlagbà tó tó bí i lọ́mọ, lé èjìká bí àpò gàrí lójú gbogbo ìjọ, ó sì fi bẹ́ẹ̀ ba eré jẹ́.

Télọ̀ ni Bàbá Dáramọ́lá ní Bẹẹrẹ, àgbà ìjọ sì ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí Tóbilọ́ba, tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe ní Ògùnpa, ti ń wá tọrọ ọmọ rẹ̀, Deborah. Bàbá kò gbà. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ kí òun. Bí ọmọkùnrin náà bá ti ń tẹ̀ báyìí, Bàbá á ti di apá rẹ̀ mú.

"Dúró bẹ́ẹ̀! Má fi eruku ṣọ́ọ̀bù mi ba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ jẹ́."

"Ẹ jẹ́ n kí yín dáadáa, sà."

"O ti kí mi. Máa lọ."

Nígbà tó lọ tán, Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lágboolé tiwa ní Pópó Yemọja, ẹni tó wá tọrọ ọmọ, tó dọ̀bálẹ̀, tí mo sì ní kó dìde, mo ti fún un nìyẹn. Ṣé èmi ni yóò fi bẹ́ẹ̀ mú?"

"Kí ló fi ṣe yín, Bàbá?"

"Kò gbọ́n. Inú rẹ̀ mọ́ jù. Ọmọ Ìbàdàn tí kò lè tan adìẹ wọ ilé! Ogun layé, ọgbọ́n ni wọ́n sì fi ń jà á."

Deborah ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, Bàbá ló mú ìtàn eré wá. Ogun ilẹ̀ Teksas ní Amẹ́ríkà ni, nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ ń jà láti kúrò lábẹ́ ìjọba Mẹ́síkò. Àwọn kan sé ara wọn mọ́ ilé míṣọ́n àtijọ́ kan, ọmọ ogun Mẹ́síkò sì sàga tì wọ́n. Wọn kò túúbá. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Bàbá fẹ́ràn ibi tí wọn kò ti túúbá yẹn gan-an, ó sì mú ipò olórí wọn fún ara rẹ̀. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ikú olórí náà kọ́ra níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣubú díẹ̀díẹ̀ sórí àpò àkísà.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀gágun Mẹ́síkò, torí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ọ̀tá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Deborah ló dárúkọ Tóbilọ́ba.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú un wá. Bó fi ọdún mẹ́wàá sàga tì mí, kò lè gba ilé lọ́wọ́ mi."

Tóbilọ́ba kọ́ eré náà délẹ̀. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n fi páànù kọ́ ilé míṣọ́n sáàárín ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìẹ kún ìdí pẹpẹ. Alájì Yẹ̀kínì, bàbá Tóbilọ́ba, tí kò wọ ọgbà náà rí, dé pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn náà gbé iṣu àti kẹ́ẹ̀gì oyin dání, wọ́n sì kó o jọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ gbé e wá sídìí pẹpẹ, Alájì," ni Wòlíì Ọláyínká, olórí ìjọ, wí.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, Wòlíì. Àsìkò rẹ̀ ń bọ̀."

Inú Bàbá dùn pé ìkórè àwọn fa Mùsùlùmí mọ́ra. Ó rí i pé Deborah wọ aṣọ òkè sábẹ́ sùtánà funfun rẹ̀, oòrùn sì ń jóni.

"Ooru ò mú ọ?"

"Òtútù ni, Bàbá."

Eré bẹ̀rẹ̀. Ilé míṣọ́n kò wó, Bàbá kò túúbá, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó ku kí Tóbilọ́ba já wọlé, kó fi idà onígi gún un. Ó já wọlé. Bàbá la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀. Ni Tóbilọ́ba bá ju idà nù, ó gbé e lé èjìká, ó sì gbé e jáde.

"Mo mú olórí wọn láàyè!"

Fìlà Bàbá já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà lófuurufú. Ẹ̀rín pa àwọn ìyá ìjọ débi pé wọ́n di ara wọn mú.

"Sọ̀ mí! Ìwọ ọmọ yìí, sọ̀ mí! Mi ò tíì kú!"

Tóbilọ́ba sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wòlíì ní kí Tóbilọ́ba tọrọ àforíjì. Tóbilọ́ba kúnlẹ̀.

"Ìkúnlẹ̀ kẹ̀!" ni Bàbá pariwo. "Ṣé obìnrin ni ọ́? Dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Kí àyà rẹ kanlẹ̀, kí gbogbo ayé rí i!"

"Bàbá, eruku..."

"Eruku dà? Dọ̀bálẹ̀!"

Tóbilọ́ba dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ sì kanlẹ̀. "Mo jẹ̀bi, Bàbá. Mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí bí ọmọ."

Bàbá jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ kí adùn rẹ̀ lè wọ òun lára.

"Ó tó, Bàbá," ni Wòlíì wí. "Ẹ dá a lóhùn."

Bàbá de fìlà rẹ̀ padà, ó sì na ọwọ́. "Mo ti gbà. Dìde, ọmọ mi."

Kí Tóbilọ́ba tó gbọn eruku àyà rẹ̀ tán, Deborah ti bọ́ sùtánà sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ òkè ìyàwó, Alájì Yẹ̀kínì àti ẹbí rẹ̀ sì ń ru iṣu àti oyin bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ké pé, "Àna wa, a dúpẹ́ ọmọ tí ẹ fún wa!"