Wọ́n Ní Bọ̀dá Kọ̀

"Wọ́n ní Adégbóyèga, ẹ̀gbọ́n ọkọ Tẹjúmádé, kọ̀ jálẹ̀... Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀... Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o."

Gbogbo Aké ti gbọ́.

Tẹjúmádé kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

Àràmídé, ọmọ rẹ̀ tó ní ọ́tísìmù, ń ta ìdérí ìkòkò bí òkòtó nílẹ̀.

"Màmá, tá ò bá sanwó lọ́la, wọ́n á fi àyè rẹ̀ níbi ìtọ́jú ní Adigbẹ fún ọmọ mìíràn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń nawọ́ tọrọ omi ni. Ẹ tún bá mi bẹ Bọ̀dá."

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó lóun ò ní. Ṣé kí n kú ni?"

Nílé yìí, ọwọ́ Màmá ni gbogbo owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ìyàwó.

Tẹjúmádé bú sẹ́kún.

Àràmídé kì í dáhùn ìpè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́, bó ṣe gbọ́ ọ ló ń tún un sọ, tòun ti ohùn onítọ̀hún.

Lójijì, ohùn Bọ̀dá jáde lẹ́nu rẹ̀:

"Màmá, owó ìtọ́jú Àràmídé rèé. Ẹ gbé e fún ìyá ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó èyí náà fún wòlíì."