Òkè Ìgbín Kò Gba Ọkọ̀ Lónìí

Ìbídùn awakọ̀ òfuurufú ti fò yí Òkè Ìgbín ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí aláboyún kan wà nínú páálí lẹ́yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ará òkè ń fi ọwọ́ da yanrìn sórí ẹrẹ̀ tó wà ní pápá tí ọkọ̀ ń balẹ̀ sí.

"Ilẹ̀ ṣì rọ̀. Òfin kò gbà kí a balẹ̀," ni ọkọ̀ òfuurufú náà fi ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ wí. Ó ti gba ìdarí ara rẹ̀ lọ́wọ́ Ìbídùn.

"Mo ti balẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó ju èyí lọ!" ni Ìbídùn pariwo.

Ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí òkè náà ká.

Ohùn Màmá Adéyẹyè, agbẹ̀bí òkè náà, wọlé lórí rédíò. "Ọmọ mi, à ń rí ọ lókè. Ẹ̀jẹ̀ ara Mosúnmọ́lá, aláboyún wa, kò dá o."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń bọ̀."

Ọ̀sán pọ́n kí ilẹ̀ tó gbẹ, kí ọkọ̀ tó gbà láti balẹ̀. Kò sẹ́ni tó sáré wá pàdé rẹ̀. Màmá nìkan ló dúró, ó gbé ìkókó kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Ìbídùn na páálí ẹ̀jẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Màmá kò gbà á.

"Ìyá rẹ̀ ò lè dúró dè ọ́ mọ́, ó ti lọ," ni Màmá wí. Ó gbé ọmọ náà lé Ìbídùn lọ́wọ́. "Gbé e lọ sí ìlú tí ọkọ̀ kì í bẹ̀rù ilẹ̀ ibẹ̀."