Ọwọ́ Màmá Mọ́nsúrátù

Oògùn tí Màmá Mọ́nsúrátù ń fín sẹ́nu ló ń bá a ká ikọ́ fée lọ́wọ́ kò. Bó bá ti fín in, èémí á já geere, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìlẹ̀kẹ̀ ló sì ń sín tà lọ́jà ìlú Bouaké. Lọ́jọ́ kan, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká, obìnrin kan sì fi èdè Dioula pariwo pé ìyá Anago yìí, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ti mutí yó. Àlájà ni Màmá. Kò gbójú sókè títí wọ́n fi délé ní Broukro. Sakeenah, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sọ́jà, náà ò gbójú sókè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọwọ́ ọ̀hún dúró.

“Ẹ wò ó, Màmá, ọwọ́ yín ò gbọ̀n mọ́,” ni Sakeenah wí.

“Alihamudulilai. Kókó àárọ̀ yìí ló kàn ń korò lẹ́nu mi.”

“Ẹnu yín ni, Màmá. Ẹ jẹ́ n fi ṣúgà kún un.”

Lọ́jọ́ kẹta, àyà Màmá dí. Ó fín oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin, kò là. Rilwan ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Sakeenah mú ike oògùn náà, ó lọ bá Raïssa tó ń ta oògùn lẹ́nu ọjà.

“Ayédèrú lo tà fún mi. Ṣé o fẹ́ pa ìyá ọkọ mi ni?”

Èrò ti dúró.

“Tantie, irú èyí tí mo ń tà fún yín tẹ́lẹ̀ náà ni.”

“Irọ́ ni.”

“Nígbà tí àyà yín ń lù kìkì, tí ọwọ́ yín sì ń gbọ̀n, tí mo ta oògùn tiyín fún yín, ṣé kò ṣiṣẹ́?”

“Ìyẹn kọ́ la ń sọ.”

Àwọn obìnrin ní kí Raïssa kẹ́rù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó kó o. Ó ń sunkún.

Sakeenah gba ilé, ó gbé fúláàsì kókó tí Màmá ò mu tán, ó tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ ti fín tilé ìwòsàn fún Màmá. Àyà rẹ̀ kò là.

“Kì í ṣe ayédèrú,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Lára iṣan àyà, àyè kéékèèké wà tí oògùn yìí ń jókòó sí kó tó lè ṣí ọ̀nà èémí. Irú àyè bẹ́ẹ̀ wà lára iṣan apá náà; bí oògùn yìí bá jókòó síbẹ̀ ni ọwọ́ fi ń gbọ̀n. Oògùn mìíràn ló ti gba àyè ọ̀hún. Kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn jókòó ni. Ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n?”

“Rárá,” ni Rilwan dáhùn.

“Kí ni wọ́n tún ń lò? Bí mo bá mọ̀ ọ́n, a lè gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ tètè.”

Màmá mi orí pé kò sí. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

Sakeenah kúnlẹ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì gbé fúláàsì kókó náà síwájú nọ́ọ̀sì pẹ̀lú páálí oògùn àyà tirẹ̀, èyí tó ti ń lọ̀ sínú kókó Màmá láràárọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n mọ́, láti ọjọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ ti fọ́n ká.